Ó ti rẹ èmi àti ọkọ mi kọjá ohun tí oorun lè wò, ṣé kí n fiṣẹ́ sílẹ̀ ni?

Àárín_Ni_Mo_Wà:

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí tí mi ò dá sí i, òní ni mo fẹ́ sọ tèmi, tó bá gùn ẹ má bínú, aago 2 òru ni mò ń kọ ọ́, gbogbo ilé ló ti sùn àfi ẹni tí mò ń ṣọ́.

Èmi àti ọkọ mi la jọ ń ṣiṣẹ́, àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni iṣẹ́ àwa méjèèjì. Ọmọ méjì la bí, àgbà jẹ́ ọmọ ọdún 9, kékeré ṣẹ̀ṣẹ̀ pé 3. Màámi, ìyẹn ìyá ọkọ mi, ti ń gbé lọ́dọ̀ wa láti ọdún kan àtààbọ̀ torí iyè wọn ti ń rá, wọn ò lè dá gbé mọ́. Bàbá tó bí èmi náà wà nílé tiwọn, orúnkún ń dùn wọ́n, wọ́n ní àtọ̀gbẹ, wọ́n tún ní ẹ̀jẹ̀ ríru, èmi ni mo máa ń gbé wọn lọ rí dókítà, èmi ni mo máa ń pè láràárọ̀ pé ṣé wọ́n ti lo oògùn. Wọ́n á ní àwọn ti lò ó. Mo máa ń mọ̀ tó bá jẹ́ irọ́.

Aago 5 àárọ̀ Màámi ti jí, wọ́n á máa ṣí ilẹ̀kùn wọ́n á tún máa tì í, wọ́n á ní àwọn fẹ́ máa lọ sílé. Ọkọ mi á dìde sí wọn. Èmi á jí àwọn ọmọ, kékeré á ní òun ò wọ bàtà, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ á wá rántí lẹ́nu ọ̀nà pé tíṣà ní kóun mú nǹkan kan wá lónìí. Obìnrin kan máa ń wá dúró ti Màámi lójú mọmọ, tó bá fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pẹ́ gbogbo ọjọ́ wa ti dàrú nìyẹn. Tí mo bá dé ọ́fíìsì wọ́n á ní ẹ káàárọ̀, èmi á dáhùn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, bẹ́ẹ̀ mo ti ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́ta. Fóònù mi ò gbọdọ̀ kú, torí ilé ìwé lè pè, ẹni tó wà lọ́dọ̀ Màámi lè pè, Bàbá mi náà lè pè (ìgbà tí mo bá wà ní mítìn gan an ni wọ́n máa ń pè, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń mọ̀). Tó bá fi máa di aago 10 alẹ́, èmi àti ọkọ mi á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa bí èrò ọkọ̀ tí ò mọra rí. Ta ló máa lọ mú ọmọ lọ́la, ṣé o ti san owó yẹn, oògùn ti ń tán lọ. Ó tán, a ti sùn.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ èyí nìyí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ọkọ mi fún Màámi ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kó tó jáde, kò sọ fún mi, èmi náà tún fún wọn. Nígbà tó di ọ̀sán wọ́n pè mí pé òòyì ń kọ́ wọn, wọn ò lè dìde lórí àga. A sáré gbé wọn lọ sọ́síbítù, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ wọn ló lọ sílẹ̀ jù, wọ́n dá wọn dúró di ọjọ́ kejì, a dúpẹ́, wọ́n ti gbádùn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí èmi àti ọkọ mi sọ síra wa níwájú nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ yẹn, títí di báyìí ojú ṣì ń tì mí. Mo ní kì í sọ nǹkan. Ó ní ṣé èmi náà ò lójú tí mo lè fi wò ni. Ọmọ wa ọkùnrin dúró síbẹ̀.

Èyí tó wá bà mí lẹ́rù jù, lọ́jọ́ kejì ẹ̀ ọkọ mi ní ibi iṣẹ́ fẹ́ rán òun lọ kọ́ nǹkan fún ọjọ́ mẹ́ta nílùú míì. Inú bí mi bí ẹni pé ó ní òun fẹ́ fẹ́yàwó lé mi. Mo ronú ẹ̀ títí, mo wá rí i pé ìrìn àjò ẹ̀ kọ́ ló ń bí mi nínú. Oorun tó máa sùn ní alẹ́ mẹ́ta tẹ̀léra ni mò ń jowú.

Ọkọ mi ní ẹ̀gbọ́n méjì. Wọ́n máa ń pè lọ́jọ́ Sunday pé Màámi ńkọ́. Tá a bá ní ó ti ń rẹ̀ wá, Bùrọ̀dá á ní ṣẹ́ ẹ mọ̀ pé bí òkété bá dàgbà ọmú ọmọ ẹ̀ ló ń mu. Mo mọ òwe yẹn. Ọmọ mẹ́ta ni òkété yìí bí o.

Ìbéèrè mi: ṣé ohun tí wọ́n ń pè ní burnout, kí iṣẹ́ gba gbogbo okun lára èèyàn, nìyí àbí mo kàn ti ya ọ̀lẹ? Àti pé ṣé kí n fiṣẹ́ sílẹ̀? Owó oṣù mi kéré sí ti ọkọ mi, tẹ́ ẹ bá yọ owó tá à ń san fún obìnrin tó ń dúró ti Màámi kúrò, èyí tó ṣẹ́kù nínú ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti la irú ẹ̀ kọjá, kí lẹ ṣe?

Nọ́ọ̀sì_Òru:

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ẹ kú ìrọ́jú. Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ti oògùn torí òun ló lè pààyàn, ìyókù lè dúró.

Ó ti pé ọdún 17 tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, wọ́ọ̀dù àwọn àgbà ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù. Ẹni tí wọ́n fún ní oògùn lẹ́ẹ̀méjì nílé ò ṣàjèjì sí wa rárá, ẹ má fi ẹ̀bi ẹ̀ pa ara yín. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ni iṣẹ́ kan náà, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Iṣẹ́ tí ẹni méjì bá ni, lónìí wọ́n á ṣe é lẹ́ẹ̀méjì, lọ́la kálukú á rò pé ẹnì kejì ti ṣe é. Ẹ ra ike oògùn tó ní ojúlé ọjọ́ méje, àárọ̀ lọ́tọ̀ alẹ́ lọ́tọ̀. Kí ẹnì kan ṣoṣo máa kó oògùn sínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Tí ojúlé àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun bá ti ṣófo, wọ́n ti lò ó nìyẹn, kò sídìí láti pe ara yín láti bèèrè. Irú ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ rà fún Bàbá yín, ìgbà tẹ́ ẹ bá lọ kí wọn ẹ̀ẹ́ fojú ara yín rí èyí tí wọn ò lò, ẹ ò ní máa fagbára mú wọn parọ́ mọ́. Ẹ tún kó gbogbo oògùn wọn pátá dání lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá máa rí dókítà, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn àgbà míì ń lo oògùn tí wọ́n kọ fún wọn fún àìsàn tó ti lọ tipẹ́.

Ti Màámi. Tó bá jẹ́ pé lójijì, láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ni ọ̀rọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ má sọ pé ìgbàgbé yẹn náà ló ń le sí i. Kòkòrò tó kó wọnú ìtọ̀ lè fà á, àìmu omi tó lè fà á, àìlèyàgbẹ́ náà lè fà á, oògùn tuntun náà lè fà á. Gbogbo ẹ̀ ló nítọ̀ọ́jú, ẹ tètè gbé wọn lọ. "Mo fẹ́ máa lọ sílé" tí wọ́n ń sọ, ẹ má bá wọn jiyàn pé ilé rèé. Ilé tí wọ́n ń sọ lè má jẹ́ èyí tó ní ilẹ̀kùn. Ẹ bi wọ́n pé ta ló wà nílé, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ ẹ̀, ẹ di ọwọ́ wọn mú kẹ́ ẹ jọ rìn yíká ilé lẹ́ẹ̀kan, ọ̀pọ̀ ìgbà wọ́n á jókòó. Kí wọ́n sì máa rí oòrùn lójú ọ̀sán, kí wọ́n má máa sùn jù lọ́sàn-án, ó máa ń ṣèrànwọ́ fún òru díẹ̀. Mo ní díẹ̀ o.

Ẹ ní ṣé ọ̀lẹ ni yín. Ní 1995 ní Amẹ́ríkà, Janice Kiecolt-Glaser àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣèwádìí mú obìnrin 13 tó ń tọ́jú ẹbí tó ní àrùn ìgbàgbé, wọ́n mú 13 míì tí ò tọ́jú ẹnikẹ́ni, wọ́n wá dá egbò kékeré kan náà sí gbogbo wọn lára. Egbò àwọn tó ń tọ́jú èèyàn fi nǹkan bí ọjọ́ 9 pẹ́ ju ti àwọn tó kù lọ kó tó jinná. Egbò ò mọ ọ̀lẹ mà, ara ni.

Ìwé ìbéèrè kan tún wà tá a máa ń lò, Steven Zarit àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ló gbé e jáde ní 1980, ìbéèrè 22 ló wà nínú èyí tó wọ́pọ̀ jù. Kò bèèrè bí ara aláìsàn ṣe le, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́jú ẹ̀ ló ń bi: ṣé ẹ ṣì ń ráyè fún ara yín, ṣé inú máa ń bí yín tẹ́ ẹ bá wà lọ́dọ̀ wọn. Ẹ ní kí dókítà fún yín, ẹ̀yin àti ọkọ yín, kí kálukú dáhùn tiẹ̀ lọ́tọ̀. Mo ti rí tọkọtaya tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọkọ ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ìyàwó òun kì í sùn.

Òtítọ́_Korò:

Ẹ̀yin èèyàn ìwòyí ẹ kàn fẹ́ràn ariwo. Àwọn ìyá wa bí mẹ́jọ bí mẹ́sàn-án, wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n tọ́jú ìyá ọkọ, a ò gbọ́ burnout lẹ́nu wọn. Ẹ ṣe sùúrù, ẹ̀san ńbẹ níwájú.

Ìyá_Ẹ̀ta_Tó_Ń_Rìn:

@Òtítọ́_Korò ẹ ti bi ìyá yín rí? Ẹ jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ kan kẹ́ ẹ bi wọ́n pé báwo ló ṣe rí lára yín nígbà yẹn, kẹ́ ẹ wá pa dà wá sọ fún wa. Èmi bi tèmi, wọ́n sunkún.

Yàtọ̀ síyẹn, ìyá yẹn ò dá wà. Ilé kún, àbúrò wà, ọmọ ẹ̀gbọ́n wà, ẹni tó ń lọ tó ń bọ̀ á bá ẹ gbọ́mọ. Àwọn èèyàn ò sì pẹ́ láyé tó báyìí, ọdún méjì ọdún mẹ́ta lẹ máa fi tọ́jú àgbà, kì í ṣe mẹ́wàá. Iṣẹ́ wọn náà, ó lójú ibi tí wọ́n ti lè gbọ́mọ pọ̀n kí wọ́n máa bá a lọ. Ta ló lè gbé ìyá ọkọ ẹ̀ wọ mítìn?

Àǹtí mi tẹ́ ẹ béèrè, burnout ni o. Ẹni tó kọ́kọ́ kọ̀wé nípa ẹ̀ dáadáa, Herbert Freudenberger, ní 1974, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣesí ẹ̀dá ni, kò rí i lára ọ̀lẹ. Kílíníkì ọ̀fẹ́ ló ti rí i, lára àwọn tó fi ìfẹ́ wá ṣiṣẹ́, àwọn tó ń dúró di òru láìgbowó. Àwọn yẹn ló ń jó tán. Òótọ́ ni pé àjọ ìlera àgbáyé WHO ní 2019 sọ pé ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ nìkan làwọn ka burnout sí, àwọn ò sì pè é ní àìsàn: kó rẹ èèyàn tẹnutẹnu, kí iṣẹ́ sú u kó máa fi ẹnu burúkú sọ ọ́, kó máa rò pé òun ò wúlò mọ́ nídìí iṣẹ́ ọ̀hún. Ẹ ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ wá sọ fún mi pé aago 5 àárọ̀ pẹ̀lú Màámi kì í ṣe ibi iṣẹ́. Ó kàn jẹ́ èyí tí ò ní ìsinmi lọ́dún ni.

Ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ yín. Ẹ má sọ fún wọn mọ́ pé ó ti ń rẹ̀ yín. Ẹni tó bá gbọ́ pé ó rẹ̀ ẹ́, pẹ̀lẹ́ ló máa sọ, pẹ̀lẹ́ ò sì náni lówó. Ohun tí èmi ṣe nìyí, mo kọ gbogbo ohun tá a ṣe fún ìyá wa láàárín ọjọ́ méje sílẹ̀, pẹ̀lú aago, títí dórí iye ìgbà tá a dìde lóru, mi ò fi èébú kan sí i, mo gbé e sórí WhatsApp ẹbí. Mo wá kọ sábẹ́ ẹ̀ pé ohun mẹ́ta la ń wá ẹni tó máa gbà: ẹnì kan kó mú wọn sọ́dọ̀ láti ọjọ́ báyìí sí ọjọ́ báyìí, ẹnì kan kó máa san owó ẹni tó ń wá ṣọ́ wọn ní alẹ́ méjì lọ́sẹ̀, ẹnì kan kó máa gbé wọn lọ rí dókítà. Mú ọ̀kan. Ọjọ́ mẹ́rin kò sẹ́ni tó fọhùn, mo ti ro pé mo ti da ẹbí rú. Ọjọ́ karùn-ún àbúrò wa tá a kà sí aláìbìkítà jù ló kọ́kọ́ dáhùn, ó ní òun ò mọ̀ pé ó pọ̀ tó yẹn rí. Ẹ̀gbọ́n wa tó mọ òwe jù ò tíì dáhùn dòní.

Ẹ jẹ́ kí ọkọ yín ni kó gbé e sí i o, ẹ̀yin kọ́. Ìyá ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni. Tó bá ti ọwọ́ yín wá, wọ́n á ní ìyàwó ló fẹ́ lé Màámi jáde.

Bàbá_Kíṣìnì:

Ẹ kú àtúnṣe o. Èmi ọkùnrin ni mo fiṣẹ́ sílẹ̀ nílé tiwa, torí owó ìyàwó mi ló pọ̀ ju tèmi. Bàbá mi ló ní rọpárọsẹ̀, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ò ṣiṣẹ́ mọ́, ọmọ wa sì ń fa nǹkan wó kiri nílé nígbà yẹn. Mo ro pé oṣù mẹ́fà ni.

Kí n sọ ohun tí mi ò retí. Kí n tó fi sílẹ̀ mo máa ń fọwọ́ sọ̀yà pé mò ń ran ìyàwó mi lọ́wọ́ dáadáa. Mò ń fọ abọ́, mò ń wẹ ọmọ, ohun tó bá ní kí n ṣe ni mò ń ṣe. Ìgbà tí mo wà nílé tán ni mo tó mọ̀ pé gbólóhùn yẹn gan an ni ìṣòro, ohun tó bá ní kí n ṣe. Òun ló ń rántí pé bàtà ọmọ ti fún un, pé abẹ́rẹ́ àjẹsára ku ọ̀sẹ̀ kan, pé Bàbá ò tíì yàgbẹ́ láti ọjọ́ mẹ́ta. Ọwọ́ mi ló ń ṣiṣẹ́, orí tiẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ wà. Orí kì í sì í wọ ilé sùn bí ọwọ́. Mo rí i bó ṣe máa ń jí lóru láìsí ẹni tó pè é, kó kàn jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì kó máa fìka ka gbogbo ẹ̀.

Ṣé mo kábàámọ̀ pé mo fi sílẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí Bàbá tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ òsì kọ orúkọ wọn, mi ò ní fi ìyẹn ṣe pàṣípààrọ̀. Àmọ́ bí mo ṣe jókòó sílé báyìí, gbogbo ayé ló sá. Àbúrò mi obìnrin tó ń wá tẹ́lẹ̀ lọ́jọ́ Saturday ò wá mọ́, ó ní ṣebí Bùrọ̀dá wà nílé. Ìyàwó mi náà, pẹ̀lú gbogbo òye ẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Oṣù mẹ́fà di oṣù 14. Ìtọ́jú àgbà ò dà bíi ti ọmọ, ọmọ ń dàgbà kúrò nínú ẹ̀ ni, àgbà ń wọnú ẹ̀ lọ ni, ẹni tó bá máa dúró dìgbà tó máa parí kó mọ ohun tó ń dúró dè.

Nígbà tí mo pa dà sẹ́nu iṣẹ́ (owó tí wọ́n ń san fún mi kéré sí ti tẹ́lẹ̀, kí n má parọ́), a pín ilé lọ́tun. A ò pín in ní ṣe èyí lónìí kí n ṣe é lọ́la. Odindi nǹkan la pín. Oògùn Bàbá, tèmi ni, látorí rírà títí dórí fífún dórí dókítà. Ilé ìwé ọmọ, tiẹ̀ ni. Oúnjẹ, tèmi. Owó sísan, tiẹ̀. Tí mo bá gbàgbé oògùn, èmi ni mo gbàgbé, kò ní rán mi létí, kò sì ní bá mi wí. Oṣù àkọ́kọ́ le gan an torí ó ń wò mí bí mo ṣe ń ṣe é láìdáa, ó ń jẹ eyín ẹ̀ mọ́nu. Àmọ́ ó ń sùn báyìí.

Madam, tí ọkọ yín bá ń ka èyí: ọ̀gá mi, ìyàwó yín ò sọ pé ẹ ò ṣiṣẹ́.

HR_Àná:

Kẹ́ ẹ tó kọ lẹ́tà kankan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Mo ti ṣe HR, àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ nílé iṣẹ́, fún ọdún púpọ̀, mo ti gba irú lẹ́tà yẹn lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ obìnrin, ìṣirò kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe: owó oṣù mi, yọ owó olùtọ́jú, ó ku díẹ̀, kí n máa lọ. Ẹ ò ka owó ìfẹ̀yìntì tí ò ní máa wọlé mọ́, ẹ ò ka ìgbéga tó kọjá yín lọ, ẹ ò ka pé ẹni tó bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ọdún mẹ́ta máa ń bá owó kékeré pa dà, bí arákùnrin òkè yìí ṣe sọ. Àti pé kí ló dé tó jẹ́ owó tiyín nìkan lẹ ti yọ owó olùtọ́jú? Ìyá ọkọ yín ni wọ́n. Ẹ pín in sórí owó ẹ̀yin méjèèjì, ẹ wá tún un ṣírò.

Ẹ wádìí òfin ibi tẹ́ ẹ wà. Amẹ́ríkà ti ní òfin láti 1993 tó fún òṣìṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ 12 lọ́dún láti tọ́jú òbí tó ń ṣàìsàn gidi, wọn ò sanwó fún un, àmọ́ iṣẹ́ ẹ̀ ò ní bọ́, ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 50 sókè ló kàn. Ní Jámánì èèyàn lè gbà tó oṣù 6. Japan ní ọjọ́ 93 fún ẹbí kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì lè pín in sí mẹ́ta. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní April 2024 ni, ọ̀sẹ̀ kan péré lọ́dún, láìsí owó. Ó ń pa mí lẹ́rìn-ín pé ọdún 1981 kan náà tí Dorothy Miller kọ́kọ́ sọ àwọn bíi tiyín lórúkọ, tó pè yín ní ìran sandwich, torí ẹ wà láàárín òbí àti ọmọ bí ẹran tó wà láàárín búrẹ́dì, ọdún yẹn náà ni àjọ àwọn òṣìṣẹ́ lágbàáyé, ILO, ṣe àdéhùn 156 lórí òṣìṣẹ́ tó ní ẹrù ẹbí lọ́rùn. Ó ti lé ní 40 ọdún. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ò tíì gbọ́ ọ rí, ọ̀pọ̀ ọ̀gá náà ò gbọ́ ọ.

Tí ò bá sí òfin, ẹ fẹnu bèèrè. Ẹ má lọ sunkún fún ọ̀gá yín, ẹ gbé nǹkan tó lè fọwọ́ sí lọ: ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, tàbí kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní aago 10. Ẹ dá ìgbà tó máa parí, kí ọkàn wọn balẹ̀. Kí ọkọ yín náà lọ bèèrè tiẹ̀ lọ́sẹ̀ kan náà. Ìyẹn gan an ni mo fẹ́ rí. Nínú gbogbo ọdún mi lẹ́nu iṣẹ́ yẹn, ọkùnrin méjì péré ló wá bá mi torí ìtọ́jú òbí, ọ̀kan nínú wọn ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìyá_Àgbà_76:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o ẹ̀yin ọmọ. Ọmọ ọmọ mi ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé síbí, ẹ fojú fo àṣìṣe mi. Èmi ni ẹni tẹ́ ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ẹ̀. Mo ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ mi àti ọkọ ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ṣubú.

Ọmọ mi, ìwọ tó o kọ̀wé lóru, mo fẹ́ kó o mọ̀ pé à ń gbọ́ yín. Ẹ rò pé tẹ́ ẹ bá wọ yàrá tẹ́ ẹ rẹ ohùn sílẹ̀, ògiri nípọn. Mo ń gbọ́ tí wọ́n ń jà lórí ẹni tó máa gbé mi lọ rí dókítà ojú, mo ti ń dìbọ́n pé ojú ò dùn mí mọ́ kí wọ́n lè sinmi. Ó tó oṣù mẹ́rin kí wọ́n tó mọ̀. Ìwọ rò pé bàbá ẹ ń parọ́ oògùn fún ẹ torí orí kunkun ni? Ó lè jẹ́ kó o lè gbé fóònù sílẹ̀ kó o lọ sẹ́nu iṣẹ́ ni.

Ìyá ọkọ ẹ, tí iyè wọn ti ń rá, ìyẹn ní bó ṣe jẹ́. Àmọ́ bàbá ẹ, ẹsẹ̀ ló ń dùn wọ́n, orí wọn pé. Gbogbo yín ń ṣe wá bí ẹyin. Wọ́n gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi, wọ́n gba ọbẹ lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n jókòó. Mo jókòó títí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ di àga. Ọjọ́ tí mo sọ fún ọmọ mi pé kó kó aṣọ àwọn ọmọ wá kí n máa ká a, ó ní rárá mà, mo ní màá kúrò nílé fún ẹ. Ni mo bá gba aṣọ kíká. Mo tún gba kíka ìwé pẹ̀lú àbígbẹ̀yìn wọn. Kó o pe bàbá ẹ, má bi wọ́n nípa oògùn. Sọ fún wọn pé o nílò ìrànlọ́wọ́ wọn, wá nǹkan gidi kan gbé fún wọn, má gbé eré ọmọdé. Wàá gbọ́ bí ohùn wọn á ṣe yí pa dà.

Àárín_Ni_Mo_Wà:

Ẹ máa wo bó ti pẹ́ tó, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ, mo fún ọkọ mi kà, ó ka ti Bàbá_Kíṣìnì lẹ́ẹ̀méjì, kò sọ nǹkan kan, ó dìde ó lọ ra ike oògùn. Òun ló ni oògùn Màámi báyìí, mi ò fọwọ́ kàn án. Ọwọ́ ń yún mi o. Lọ́jọ́rú tó kọjá ojúlé àárọ̀ ṣì kún di aago 9, mo rí i, mo fi ọwọ́ sí àpò, mo jáde. Ó pè mí ní aago 9 kọjá díẹ̀ pé òun ti pa dà lọ fún wọn. Mi ò sọ pé mo ti rí i.

Ó lọ ìrìn àjò ọjọ́ mẹ́ta yẹn, èmi ni mo ní kó lọ. A ti kọ ọjọ́ mẹ́ta tèmi náà sórí kálẹ́ńdà, mi ò lọ síbì kankan, oorun ni mo fẹ́ lọ sùn.

WhatsApp ẹbí: ọkọ mi ló gbé e síbẹ̀. Àǹtí, ìyẹn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin, gba owó alẹ́ méjì, ó sì ti san ti oṣù yìí. Bùrọ̀dá fi àwòrán ọwọ́ tí wọ́n pa pọ̀ gbàdúrà ránṣẹ́. A ṣì ń dúró dè wọ́n.

Iṣẹ́, mi ò tíì fi sílẹ̀. Ọ̀gá mi gbà fún ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, owó dín kù, ó dùn mí, àmọ́ a tún un ṣírò bí HR_Àná ṣe ní ká ṣe é, ó ṣì dáa ju kí n máa lọ lọ. Ọkọ mi bèèrè tiẹ̀ náà, wọn ò fún un. Àmọ́ ó bèèrè.

Màámi ṣì ń jí ní aago 5. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé ta ló wà nílé tí wọ́n fẹ́ lọ, wọ́n ní ìyá àwọn ni. A rìn yíká ilé.

Ìyá àgbà wa, ẹ ṣeun gan an mà. Mo pe Bàbá mi, mo ní ẹ jọ̀ọ́ mi ò ráyè ṣọ́ ọmọ yìí bó ṣe ń ṣe àṣetiléwá, ṣẹ́ ẹ lè máa pè é ní aago 5 ìrọ̀lẹ́ kẹ́ ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní àwọn á wò ó bóyá àwọn á ráyè. Ṣé ẹ rí àwọn èèyàn yìí? Látìgbà yẹn wọn ò fo ọjọ́ kan. Lánàá ọmọ yẹn sọ fún wọn pé òun ti ṣe gbogbo ẹ̀ tán, wọ́n ní kó ka èsì kẹta sí àwọn létí. Kò rí nǹkan kà. Mo bi Bàbá mi pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀, wọ́n ní bó ṣe yára sọ pé òun ti ṣe é ni, àwọn mọ ohùn yẹn dáadáa.

Mo ní ó dáa náà, ẹ̀yin ńkọ́, oògùn àárọ̀ yìí? Wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́. Wọ́n wá ní kí n dúró, àwọn ń lọ mú un.